Ṣé kí n encrypt láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ wa, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Akọ̀wé_Òṣogbo · Ọjọ́ Ajé, 7:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òṣogbo níbí. Àwa 214 la wà nínú ẹgbẹ́. Orúkọ oníkálukú, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àkáǹtì rẹ̀, BVN rẹ̀, fọ́tò àwọn tó dúró fún un, iye tó yá àti iye tó kù lọ́rùn rẹ̀, orí láptọ́ọ̀pù ni gbogbo rẹ̀ wà.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n fọ́ gíláàsì mọ́tò akápò wa níbi òkú àgbà kan, wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ lọ. A rò pé àdánù ẹ̀rọ lásán ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n á dárúkọ èèyàn, wọ́n á sọ iye tó yá gẹ́lẹ́, wọ́n á ní ẹgbẹ́ ti yí àkáǹtì padà, ibi báyìí ni kó máa sanwó sí. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà ti fi ₦65,000 ránṣẹ́ kó tó rántí pè mí. Oorun ò kun ojú mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìgbìmọ̀ ti wá ní kí n encrypt láptọ́ọ̀pù ọwọ́ mi tó kù, ìyẹn ni pé kí n ti ohun inú ẹ̀ kó má ṣeé kà fún ẹni tí ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́dún tó kọjá, kọ̀ǹpútà àbúrò mi obìnrin ṣàdédé gbé ojú búlúù jáde, ó ní kó tẹ nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta kan wá. Kò mọ nọ́ńbà kankan, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ àti iṣẹ́ ìwádìí másítà rẹ̀ há síbẹ̀ títí dòní.

Bí mi ò bá tì í, olè ń bẹ. Bí mo bá tì í, mo lè ti ara mi mọ́ ìta, ìwé ẹgbẹ́ á sì ṣòfò mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ òótọ́.

Oníṣẹ́_Ìkẹjà · Ọjọ́ Ajé, 7:58 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yẹn. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ má ṣe é.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Íkẹjà. Láyé àtijọ́, bí láptọ́ọ̀pù bá kú, màá tú dísìkì rẹ̀, màá so ó mọ́ ẹ̀rọ míì, ẹrù oníbàárà á sì jáde láìku ẹyọ kan. Ní báyìí, mo so ó tán, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Mo bi oníbàárà, òun náà á bi mí pé, "Kọ́kọ́rọ́ wo?" Èèyàn mẹ́ta ni mo dá padà lọ́wọ́ òfo lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ọ̀kan nínú wọn jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, ó sunkún. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun á bá yín ṣí i láìsí kọ́kọ́rọ́, owó yín ló ń wá.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ iná. Bí iná bá lọ nígbà tó ń encrypt lọ́wọ́, tí bátìrì tòkunbọ̀ yín ò sì gbé e, ó parí nìyẹn. Bí ibi kékeré kan bá sì jẹrà lára dísìkì, gbogbo ẹ̀ ló bá a lọ.

Ẹ ra káńbọ́ọ̀dù onírin, kẹ́ ẹ máa ti láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_ní_Lọ́ńdọ̀nù · Ọjọ́ Ajé, 9:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún yín. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ ń pè ní àléébù yẹn gan-an ni àǹfààní ibẹ̀. Bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́ tó báyìí ò bá lè ṣí i, ẹni tó fọ́ gíláàsì mọ́tò níbi òkú náà ò lè ṣí i.

Ẹ̀ka àkọsílẹ̀ aláìsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láptọ́ọ̀pù tí wọn ò bá encrypt ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ní 2022, mo gbàgbé tèmi sínú bọ́ọ̀sì, mi ò sì rí i mọ́ títí dòní. Wọ́n pè mí, mo kọ àlàyé, ọkàn mi bàjẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí aláìsàn kan ṣoṣo tá a ní láti pè pé àṣírí rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n le báyìí níbí ṣẹlẹ̀ ní 2007. Àjọ tó ń gba owó orí, HMRC, fi CD méjì ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì kan sí òmíì, àkọsílẹ̀ èèyàn mílíọ̀nù 25 ló wà nínú ẹ̀: orúkọ òbí, orúkọ ọmọ, àkáǹtì báǹkì. Password wà lórí ẹ̀, encryption ò sí. CD ò dé ibi tó ń lọ. Ọ̀gá àgbà àjọ náà fi ipò sílẹ̀ nítorí ẹ̀.

Káńbọ́ọ̀dù onírin dáa o. Àmọ́ ṣé inú káńbọ́ọ̀dù ni láptọ́ọ̀pù akápò wà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e?

Títílayọ̀_B · Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

Ẹ má bínú, ó yé mi díẹ̀, kò yé mi tán. Ṣé password tí mo ń tẹ̀ kí Windows tó ṣí kò tó ni? Mo rò pé ohun kan náà ni wọ́n.

Adé_Ifẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 12:47 ọ̀sán

Àǹtí Títílayọ̀, wọn ò jọra rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Password Windows dà bí ọlọ́dẹ tó jókòó sẹ́nu géètì. Ẹni tó bá gba ẹnu géètì wọlé ló máa dá dúró. Ẹni tó bá fo ògiri, kò ní í rí i. Fífo ògiri níbí ò ju kéèyàn tú ìdè bíi mélòó kan nídìí láptọ́ọ̀pù, kó yọ dísìkì, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tara ẹ̀. Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́ wí: bó ṣe ń bá oníbàárà gba ẹrù nìyẹn láyé àtijọ́, kò bi password kankan léèrè. Ó dá mi lójú pé ọ̀nà yẹn náà ni ìwé gbèsè ẹgbẹ́ gbà dé ọwọ́ àwọn gbájúẹ̀.

Encryption ò gbé ọlọ́dẹ sí géètì, ẹrù inú ilé ló ń yí padà. Ẹ rántí bí àwọn baba wa ṣe ń pàrokò. Wọ́n á so owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀, wọ́n á fi rán ọmọdé. Ọmọ náà lè wò ó láti ìdájí dalẹ́, ẹni tí wọ́n pàrokò náà sí nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ sórí dísìkì ni kọ̀ǹpútà ń sọ di rúdurùdu kó tó gbé e síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kà á, a tún un tò padà lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe é ni AES. Àwọn ọmọ Belgium méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ló gbé e kalẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di òṣùwọ̀n ní 2001. Kò tíì sí kọ̀ǹpútà tó lè dán gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé ṣe wò tán láti já a.

Orúkọ tẹ́ ẹ máa bá pàdé: BitLocker ni ti Windows Pro, ó ti wà láti ayé Vista. Lórí Windows Home, "Device encryption" ni wọ́n ń pè é, kò ní bọ́tìnnì púpọ̀. Mac ní FileVault. Linux tí èmi ń lò ní LUKS. VeraCrypt sì wà, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ara TrueCrypt ni wọ́n ti gé e jáde ní 2013, kí àwọn tó ni TrueCrypt tó pa á tì ní 2014. Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ṣì ń pín TrueCrypt, ẹ má gbà á.

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n tako yín lórí ohun méjì. Ọ̀rọ̀ iná: BitLocker kì í bàjẹ́ bí iná bá lọ. Ó máa dúró níbi tó dé, bí ẹ bá tan ẹ̀rọ padà, á máa bá iṣẹ́ lọ. Dísìkì 500GB oní-mọ́tò tó ń yí ni mo lò nígbà tí mo ṣe ti bàbá mi, láti alẹ́ dìdájí ló gbà, iná sì lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ibi tó jẹrà: apá kéékèèké ni wọ́n ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tó bá bàjẹ́ ló ń lọ. Ẹ̀dà mẹ́ta ni BitLocker ń tọ́jú ìsọfúnni tó fi ń ṣí dísìkì sí lójú ibi mẹ́ta, Windows sì ní irinṣẹ́ kan, repair-bde, tó lè fa ẹrù jáde lára dísìkì tó ti ń kú, bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ yín.

Ibi tẹ́ ẹ ti jàre ni ti LUKS. Orí dísìkì níwájú pátápátá ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, tí ẹni náà ò sì ti fi luksHeaderBackup tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀, kò sí àtúnṣe. Mo mọ ẹni tó sọ iṣẹ́ ọdún mẹ́rin nù bẹ́ẹ̀.

Ti ìyára, láptọ́ọ̀pù tó bá ní ìlànà AES nínú ọpọlọ rẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n lára, Intel sì ti ń fi í sínú èyí tó pọ̀ láti nǹkan bíi 2010.

Oníṣẹ́_Ìkẹjà · Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán

Mo gbà fún yín lórí iná. Ti ibi tó jẹrà, mo gbà á lábẹ́ àdéhùn: repair-bde yẹn ń fẹ́ dísìkì òfìfo míì tó tó ti àkọ́kọ́, ó sì ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi, bóyá ni ẹnì kan á ní méjèèjì. Ẹ̀yin ń sọ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Èmi ń sọ ohun tí àwọn èèyàn ń gbé wá bá mi.

Dọlápọ̀_Agbówó · Ọjọ́ Ajé, 4:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó má tíì sọ̀rètí nù. Ohun tó ṣe é ṣe èmi náà, mo sì rí tèmi gbà.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ síbì kan kí wọ́n bá mi wo gbohùngbohùn rẹ̀ tó ń já. Ẹni tó tún un ṣe bá mi ṣe àtúnṣe BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀) láìsọ fún mi, ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́. Mo délé, ojú búlúù. Ìdí ẹ̀ nìyí: ìṣù kékeré kan wà nínú láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ́ TPM, òun ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà. Bí BIOS bá yí padà, tàbí tí wọ́n bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ó máa rò pé wọ́n ti jí òun gbé, kò ní í mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ìyẹn ló fi ń bèèrè nọ́ńbà 48, tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ìkejì tí wọ́n tọ́jú síta.

Nọ́ńbà yẹn kì í sábà sọnù bí èèyàn ṣe rò. Tí wọ́n bá fi àkáǹtì Microsoft kankan wọ kọ̀ǹpútà yẹn nígbà tí wọ́n ń tò ó, àfàìmọ̀ kó máà wà nínú àkáǹtì náà. Kó wọ account.microsoft.com/devices/recoverykey. Ojú búlúù yẹn máa fi àmì kan hàn, Key ID, kó fi lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀ wé èyí tó bá rí níbẹ̀. Kó gbìyànjú gbogbo ímeèlì tó ti lò rí, títí kan ti ilé ìwé. Ímeèlì tí mo lò nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ni tèmi wà, mo ti gbàgbé pé mo ní in.

Ẹ tún gbọ́: kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan BIOS yín, ẹ wọ ibi BitLocker, kẹ́ ẹ tẹ "Suspend protection". Bó bá parí, kẹ́ ẹ dá a padà. Ìṣẹ́jú kan ni.

Kúnlé_Houston · Ọjọ́ Ajé, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Àkáǹtì nìkan ò tó o. Ẹ rántí July 19, 2024, nígbà tí àtúnṣe kan láti CrowdStrike, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ààbò kọ̀ǹpútà, dà kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 rú káàkiri ayé. Ọ̀nà àtúnṣe rọrùn: ẹ wọ safe mode (níbi tí Windows ti ń tan pẹ̀lú ohun díẹ̀ péré), ẹ pa fáìlì kan rẹ́. Àmọ́ kọ̀ǹpútà tí BitLocker wà lórí ẹ̀ ń bèèrè nọ́ńbà 48 kó tó jẹ́ ká wọlé. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo nọ́ńbà náà wà lórí sáfà kan (kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn yòókù ń lò pọ̀), sáfà náà sì wà lára àwọn tó kú. Kọ́kọ́rọ́ àpótí wà nínú àpótí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wà lẹ́nu ẹ̀.

Látìgbà yẹn, orí pépà ni mo ń tẹ tèmi sí. Pépà ò bèèrè iná, kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá_Ìbejì_Ìlọrin · Ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́

Ṣé dandan ni kí wọ́n ti gbogbo ilé nígbà tó jẹ́ pé yàrá kan ni owó wà? Ìwé owó àwọn oníbàárà mi nìkan ni mo fi VeraCrypt tì. Ó ṣe àpótí 2GB kan fún mi lórí dísìkì. Bí mo bá fẹ́ ṣiṣẹ́, mo tẹ password, ó ṣí bíi fláàṣì tuntun. Bí mo bá parí, mo tì í. Bí Windows bá kú, Windows ló kú. Mo da àpótí yẹn sí fláàṣì méjì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọkọ mi. Ọdún kẹrin rèé, kò dà mí láàmú rí.

Adé_Ifẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 8:44 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ọ̀nà yín dáa, ó sì sàn ju ohun tó pọ̀ jù ń ṣe. Àmọ́ ibì kan ń jò. Bẹ́ ẹ bá ṣí Excel látinú àpótí yẹn, Windows àti Excel lè máa tọ́jú ẹ̀dà ìgbà díẹ̀ síta àpótí. Bẹ́ ẹ bá gba fáìlì lórí WhatsApp, Downloads ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀dà ẹ̀ lè gba ibòmíì kọjá. Olè tó mọ̀ ọ́n wá máa rí i. Títi gbogbo dísìkì ló ń dí ihò yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì tẹ́ ẹ ti pa rẹ́. Ó ṣì wà lórí dísìkì títí nǹkan míì fi máa gbà á lójú. Torí ẹ̀ ni BitLocker fi máa bi yín bóyá ibi tẹ́ ẹ ti lò nìkan ni kó tì tàbí dísìkì látòkè délẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú.

Ìyá_Ìbejì_Ìlọrin · Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Ti Downloads yẹn wọ̀ mí lára, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó báyìí, ìwé oníbàárà mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣeun. Síbẹ̀ mi ò ní í pa àpótí mi tì, torí ó rọrùn láti gbé kiri.

Ṣẹ́gun_SSD · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Kí lẹ ń yọ ara yín lẹ́nu sí? Ẹ ra SSD (dísìkì tí kò ní mọ́tò tó ń yí) tó ń encrypt ara ẹ̀. Inú dísìkì ni iṣẹ́ náà ti ń lọ, Windows ò mọ̀ sí i.

Adé_Ifẹ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:35 àárọ̀

Ẹ ṣọ́ra lórí ìyẹn o. Ní November 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Radboud, orílẹ̀-èdè Netherlands, fi hàn pé àwọn SSD kan láti ọwọ́ Crucial àti Samsung ṣeé ṣí láìmọ password rárá, torí pé password àti kọ́kọ́rọ́ ò so mọ́ra bó ṣe yẹ. BitLocker ìgbà yẹn sì máa ń fọkàn tán irú dísìkì bẹ́ẹ̀, ó ń gbé iṣẹ́ fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Microsoft yí i padà, tí Windows fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́_ní_Lọ́ńdọ̀nù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:20 àárọ̀

Ó ku ohun kan tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ, ó sì ṣe pàtàkì fún Akọ̀wé gan-an. Ìgbà tẹ́ ẹ bá pa ẹ̀rọ pátápátá ni encryption ń dáàbò bò yín. Bẹ́ ẹ bá kàn pa ìdérí ẹ̀ dé, tó ń sùn, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà ti fi hàn ní 2008 pé èèyàn lè mú RAM tutù gan-an kó sì fa kọ́kọ́rọ́ jáde. Olè Òṣogbo lè má mọ ìyẹn, àmọ́ bó bá gbé ẹ̀rọ tó ṣì wà ní títàn, tí ojú ẹ̀ wà ní ṣíṣí, kò nílò ọgbọ́n kankan. Bẹ́ ẹ bá ń jáde, ẹ pa á pátá.

Kò sì dáàbò bo yín lọ́wọ́ ìjàǹbá tó bá gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lo ẹ̀rọ lọ́wọ́, gbogbo fáìlì ṣí sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tẹ ìjápọ̀ àwọn oníjìbìtì, tàbí tí ransomware (ètò burúkú tó ń ti fáìlì èèyàn pa, tó ń bèèrè owó) bá wọlé, encryption ò ní í sọ̀rọ̀.

Amòfin_Abẹ́òkúta · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:10 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ ṣókí láti ọ̀dọ̀ amòfin. Láti June 2023 la ti ní Nigeria Data Protection Act. Ẹgbẹ́ tó bá ń tọ́jú BVN àti àkáǹtì àwọn èèyàn ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Òfin náà dárúkọ encryption lára ọ̀nà àbò tó yẹ kéèyàn lò. Bí ìsọfúnni bá sì bọ́ síta lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó Nigeria Data Protection Commission létí látìgbà tẹ́ ẹ bá ti mọ̀. Akọ̀wé, ṣé ẹ ti ṣe ti láptọ́ọ̀pù akápò? Bẹ́ ẹ ò bá tíì ṣe é, kò yẹ kó di ọ̀la. Kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé àkáǹtì ẹgbẹ́ ò yí padà, kí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ míì má bàa tún bọ́ sí i.

Akọ̀wé_Òṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:25 ọ̀sán

Amòfin, mi ò mọ̀ pé ó kan àwa. A ò tíì fi tó wọn létí. Mo ti pe alága báyìí, a máa kọ ọ́ kó tó di alẹ́. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ìbéèrè mi kan rèé. Bí mo bá tẹ nọ́ńbà 48 yẹn sórí pépà, ọwọ́ ta ló yẹ kó wà? Èmi nìkan ò dáa, bí mo bá kú ńkọ́? Alága ní ká pín in sí méjì, kí òun mú 24, kí akápò mú 24, kẹ́nì kankan má lè dá a ṣí.

Kúnlé_Houston · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Èrò alága yín mọ́gbọ́n dání. Ohun tí ilé ìfowópamọ́ máa ń ṣe nìyẹn.

Oníṣẹ́_Ìkẹjà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má pín in. Bẹ́ ẹ bá pín in, pépà méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà kó tó ṣí. Bí eku bá jẹ ọ̀kan, ẹ ti pàdánù méjèèjì. Ẹ tẹ odindi rẹ̀ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ inú àpòòwé, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ojú ibi tẹ́ ẹ ti lẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i, ẹ máa rí i. Alága mú ọ̀kan, ìkejì á wà níbòmíì, kì í ṣe nínú àpò láptọ́ọ̀pù o. Mo ti rí i tí oníbàárà lẹ nọ́ńbà yẹn mọ́ ìdí ẹ̀rọ.

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé ó léwu fún ẹni tí ò ní ẹ̀dà. Bẹ́ ẹ bá ti pinnu láti ṣe é, ẹ da gbogbo ìwé ẹgbẹ́ sí dísìkì àgbérìn kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà míì, kó dá yín lójú pé ó ń ṣí. Dísìkì àgbérìn yẹn náà gbọ́dọ̀ ní àgádágodo. Windows Home lè ṣí fláàṣì tí wọ́n fi BitLocker tì, àmọ́ kò lè tì í fúnra ẹ̀, torí náà VeraCrypt Ìyá Ìbejì ni kẹ́ ẹ lò.

Kúnlé_Houston · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jàre lórí pípín yẹn. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà.

Títílayọ̀_B · Ọjọ́rú, 8:40 àárọ̀

Mo kà á pé ọkùnrin kan ní San Francisco ní bitcoin 7,002 nínú fláàṣì IronKey, ó sọ pépà tó kọ password sí nù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá péré ni fláàṣì náà fi ń gbà kéèyàn gbìyànjú kó tó ti ara ẹ̀ pa títí láé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde ní 2021, ó ti lo mẹ́jọ. Mo ti tẹ tèmi jáde láàárọ̀ yìí, mo gbé e sínú Bíbélì màmá mi.

Akọ̀wé_Òṣogbo · Ọjọ́bọ̀, 9:10 alẹ́

Ẹ kúulé o. Mo padà wá jábọ̀, ẹ sì jókòó kẹ́ ẹ tó kà á.

Láàná ni mo jókòó láti bẹ̀rẹ̀. Mo wọ Settings, mo wọ Privacy & security, mo tẹ Device encryption. Ó ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀! Láti ọjọ́ tí mo ti ra láptọ́ọ̀pù yìí, ó ju ọdún kan lọ, ló ti ń ti gbogbo ohun tí mo ń kọ, mi ò mọ̀. Mo wọ ojú ìwé tí Dọlápọ̀ júwe pẹ̀lú ímeèlì mi, kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan níbẹ̀. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyẹn ni pé bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan BIOS mi nígbàkigbà nínú ọdún yẹn, ohun tó ṣe àbúrò mi ló máa ṣe ìwé èèyàn 214.

Mo pe ẹni tó tà á fún mi n'Íbàdàn. Àkáǹtì ara ẹ̀ ló fi tò ó kó tó gbé e fún mi, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó ṣí ojú ìwé ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mi wà níbẹ̀, ti láptọ́ọ̀pù mọ́kànlá míì sì wà pẹ̀lú ẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó tọrọ àforíjì, ó ní òun máa pe àwọn tó ra mọ́kànlá yòókù.

Ohun tí mo ṣe: mo kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀ sí dísìkì àgbérìn tí mo fi VeraCrypt tì, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ó ṣí. Mo wá pa Device encryption, mo dúró kó tú u tán. Mo yọ àkáǹtì ọkùnrin yẹn kúrò, mo fi tèmi wọlé, mo tún tàn án, kó lè ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun tí ọkùnrin yẹn ò ní. Mo rí i nínú àkáǹtì mi báyìí, Key ID wọn bára mu. Àpòòwé méjì ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alága ti mú tiẹ̀. Ìkejì wà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, èmi ni mo ní kó wà lọ́wọ́ wọn, ìgbìmọ̀ sì gbà.

Oníṣẹ́_Ìkẹjà · Ọjọ́bọ̀, 9:36 alẹ́

Mo ka èyí, mo dìde dúró. Èmi náà máa ń fi àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù tò ó fún oníbàárà. Láti ọ̀la, mi ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, màá sì ṣí àkáǹtì yẹn wò kí n mọ kọ́kọ́rọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí èyí tí mo dá padà lọ́sẹ̀ tó kọjá wà lára wọn.

Àbúrò yín ńkọ́, mà?

Akọ̀wé_Òṣogbo · Ọjọ́bọ̀, 9:52 alẹ́

A ti rí ímeèlì ilé ìwé ẹ̀ àtijọ́, ó sì rántí password ẹ̀. Ó kù kí wọ́n fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí fóònù, síìmù tó fi forúkọ sílẹ̀ ló ti sọnù láti ìgbà NYSC. A máa lọ ṣe welcome back ẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, bí wọn ò bá tíì ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì.